Kí Wọ́n Tó Fọ́ Òkúta Lẹ́bàá Ilé Wa: Ìwé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè

 

Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo gbé wá lónìí. Ẹ lè máa wí nínú ara yín pé, kí ló kan aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ nínú ọ̀rọ̀ òkúta? Ó kàn wá, ó kàn wá gan-an. Ibi tí púpọ̀ nínú wa ń pàtẹ sí, kọ́ńkéré ni. Òpó tó gbé òrùlé ìsọ̀ dúró, kọ́ńkéré ni. Nínú kọ́ńkéré yẹn, bí ẹ bá yọ símẹ́ńtì àti yanrìn kúrò, òkúta wẹ́wẹ́ ló kù, èyí tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní gíráńáìtì. Típà ló gbé e wá. Inú ihò kan ni típà ti lọ gbé e. Ihò yẹn sì wà lẹ́bàá ilé ẹnì kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹni yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú wa, nítorí abúlé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wá sọ́jà láàárọ̀, abúlé náà la sì ń padà sí lálẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ Ẹ̀GBỌ́N MI

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Adó. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìjà ni mo ń bá kiri. Èlùbọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Owó èlùbọ́ yẹn náà ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, ọdún mọ́kànlá ló sì fi kọ́ ọ. Bó bá ra búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, á ra páànù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí obìnrin ṣe ń kọ́lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kàn rí kátápílà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko ni. Kò sẹ́ni tó ti sọ nǹkan kan fún wọn ṣáájú. Nígbà tí wọ́n béèrè, wọ́n ní àwọn àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ ti bá ilé iṣẹ́ náà ṣèpàdé, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ìwé wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò sí nílé. Obìnrin mélòó ló wà ní ìpàdé yẹn? Kò sí ẹyọ kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹ̀tù. Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ iṣu èlùbọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun rò pé ààrá ni. Ilẹ̀ mì, páànù gbọ̀n, abọ́ tó wà lórí pẹpẹ já lulẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá, ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi àdá là á. Ìka ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa ará Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé, a mọ ohun tí ulé jẹ́ fún obìnrin tó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Ti ògiri nìkan kọ́. Ẹ rántí pé orí àpáta pẹlẹbẹ ni àwọn ìyá wa ti ń sá èlùbọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá tiwọn sí, ó ti di ara ibi tí wọ́n ń fọ́. Wọ́n kó èlùbọ́ wá sá sí ẹ̀yìnkùlé, eruku òkúta sì ń bà lé e. Oníbàárà kan tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ gbé èlùbọ́ padà wá bá a nínú ọjà yìí, ó ní bí òun ṣe ń jẹ àmàlà ni nǹkan ń rùn wómúwómú lẹ́nu òun. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó dá owó padà. Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé owó tí a dá padà kò dunni tó oníbàárà tó lọ.

Wọ́n bá kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yẹn kò bú wọn o. Ó kàn béèrè ìbéèrè mẹ́rin: Ọjọ́ wo ni ògiri là? Aago mélòó? Ta ló rí i? Kí ló fi hàn pé kò ti là tẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n padà sílé.

Ọmọ ilé ìwé kan nínú ilé ló là wọ́n lójú. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yin ẹ̀tù, á kọ ọjọ́ rẹ̀ àti aago rẹ̀. Á fi fóònù ya ògiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin mẹ́rìnlá ló kó ìwé yẹn dání lọ bá ọ̀gá náà. Lọ́jọ́ yẹn, àga ni wọ́n gbé fún wọn. Láti ìgbà náà, wọ́n ń kéde ní ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó yin ẹ̀tù, wọ́n ń fọn fèrè kí wọ́n tó tanná sí i, wọ́n sì ń bu omi sí ojú ọ̀nà tí típà ń gbà. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀gbọ́n mi ṣì là sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ́: wọ́n pẹ́. Ìgbà tí kátápílà ti wọ oko kọ́ ló yẹ kí èèyàn máa béèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ìwé ṣì wà lórí tábìlì ni. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

ILẸ̀ OLÓKÚTA NI ILẸ̀ WA

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, òkúta kò ní kúrò ní Èkìtì, àwọn tó ń wá a kò sì ní yéé wá. Àwọn àgbà ní inú ọ̀rọ̀ "òkìtì" ni orúkọ wa ti jáde. Ẹ gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ẹ gba ọ̀nà Ìyìn, ẹ gba ọ̀nà Ìlawẹ̀, òkè ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Òkúta líle ni, èyí tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà tí ọgbọ́n èèyàn kò lè kà tán. Yàtọ̀ sí gíráńáìtì, oríṣi òkúta dúdú kan tún wà ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní charnockite, ó sì sọ orúkọ ìlú wa di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn. Òkúta tó le báyìí dára fún títì, ó dára fún afárá, ó dára fún ilé.

Láti October 1, 1996 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó sì di olú ìlú, ẹ̀yin náà rí bí ilé ṣe ń yọ bí olú. Títì dé ibi tó jẹ́ oko lánàá. Gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ òkúta. Àwọn obìnrin wà tó jẹ́ pé òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ, lójú oòrùn, tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Oúnjẹ wọn nìyẹn. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́ òkúta mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń jẹ èrè òkúta kò gbọdọ̀ fi àfọ́kù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Òfin náà sì sọ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ohun àlùmọ́ọ́nì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2007. Mo fẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó.

Èkíní: Ta ló ni òkúta? Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 àti òfin ti 2007 yẹn sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Òkúta, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń dà sí títì wà lára ohun tí òfin náà dárúkọ. Nítorí náà, ìwé ìyọ̀ǹda kò sí lọ́wọ́ baálẹ̀, kò sí lọ́wọ́ olórí ìdílé. Abuja ló ti ń wá, láti ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Mining Cadastre Office. Ọdún 5 ni ìwé ìyọ̀ǹda láti fọ́ òkúta mọ, kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti fún òun títí láé, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ìdílé tó ni ilẹ̀ kò di òkú nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ẹni tó ń wá ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi.

Èkejì: Àwọn ibi kan wà tí ìyọ̀ǹda kò gbọdọ̀ kàn. Abala kẹta òfin náà yọ ilẹ̀ tí ìlú tàbí abúlé wà lórí rẹ̀ kúrò. Ó yọ ọjà kúrò, ẹ gbọ́ dáadáa, ọjà! Ó yọ ìtẹ́ òkú, ojúbọ àti ilẹ̀ àwọn baba ńlá kúrò. Wọn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ títì ìjọba, ilé ìjọba tàbí ìsédò omi tó mítà 50. Ẹ wo òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí Olúkẹ́rẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ lọ́dọọdún. Òkúta tó wà níbẹ̀ yóò tó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ibi mímọ́ ni, òfin sì dá ibi mímọ́ mọ̀. Bí abúlé yín bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ kí àlejò tó dé.

Ẹ̀kẹta: Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká wò. Láti ọdún 1992 ni òfin èyí ti wà, Decree 86 ni wọ́n ń pè é nígbà tí sójà ń ṣèjọba. Ó dárúkọ ibi ìfọ́kúta ní pàtó: bí ibi tí wọ́n fẹ́ fọ́ bá wà láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí àwọn èèyàn ń gbé tàbí tí wọ́n ti ń ṣòwò, àyẹ̀wò yẹn di dandan. Kìlómítà 3 kì í ṣe ibi kékeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méjì. Nígbà tí wọ́n bá kọ ìwé àyẹ̀wò náà tán, wọ́n máa ń gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, ní àwọn ibi bíi ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè wá kà á kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti lọ kà á rí? Ọjọ́ 21 yẹn máa ń kọjá bí ọjọ́ ọjà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó yọjú, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ní ohun kan láti sọ.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni olórí wọn: àdéhùn pẹ̀lú àdúgbò. Abala 116 sọ pé ẹni tó gba ìyọ̀ǹda láti fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ bá àdúgbò tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn KÍ Ó TÓ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àdéhùn náà, wọ́n lè kọ owó ẹ̀kọ́ ọmọ sí i, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, omi, ọ̀nà, ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ tẹ́tí sí èyí: òfin náà dárúkọ ìrànlọ́wọ́ fún òwò kéékèèké àti títa irè oko pàápàá. Ta ló ń ta irè oko bí kò ṣe àwa? Ó tún ní kí wọ́n kọ bí àdúgbò yóò ṣe máa bójú tó iṣẹ́ náà pẹ̀lú wọn sí i. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún àdéhùn náà yẹ̀ wò. Bí ẹnu wọn kò bá kò, ọ̀dọ̀ mínísítà ni ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ̀karùn-ún: Bí wọ́n bá ba irúgbìn, igi tó ń mówó wọlé tàbí ilé jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Igi kòkó, igi obì, ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀ ló lówó lórí. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ náà ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Mítà 50 tí òfin dárúkọ yẹn, títì àti ilé ìjọba ló kà síbẹ̀. Ẹ̀tù kì í sì í ka mítà. Nígbà tó bá bú, ó ń gba inú ilẹ̀ lọ, òkúta líle bíi tiwa sì máa ń gbé ìmìtìtì rẹ̀ jìnnà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ju mítà 50 lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìwé àdéhùn ni kí ẹ tẹra mọ́. Ohun tí òfin kò kọ, ẹ lè kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ẹ̀TÙ TÍ Ń GBA OJÚ Ọ̀NÀ WA

Àwọn kan máa ń wí pé, "Èmi kò gbé lẹ́bàá òkúta, kò kàn mí." Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, March 28, 2020, ìbúgbàù kan wáyé ní Ìlúàbọ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wó, ilé ìwé wó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé bàjẹ́, ọ̀nà já ihò ńlá. Gómìnà ìgbà náà, Rotimi Akeredolu, ní ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta lọ sí ìpínlẹ̀ kejì ló gbiná lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì Ifẹ̀ ní òun rò pé òkúta láti ojú ọ̀run ló já bọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, àwọn tó sùn sílé wọn lóru yẹn kò sí nídìí òkúta kankan.

Ní January 16, 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní àárín àwọn ilé ńláńlá. Gómìnà Seyi Makinde ní àwọn awakùsà tí kò ní ìyọ̀ǹda ló kó ẹ̀tù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹni 77 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde pé ó farapa. Ní Ghana, January 20, 2022, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀tù awakùsà àti ọ̀kadà kan forí sọ ara wọn ní Appiatse, lẹ́bàá Bogoso. Abúlé náà wó palẹ̀, ó sì ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Òfin lórí ẹ̀tù ti wà láti ọdún 1964: kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè kó o pamọ́, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ń kó o sí. Bí ẹ bá yá ẹnì kan ní yàrá tàbí ìsọ̀, tó ń kó àpótí wọlé lóru tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó, ẹ má sọ pé owó ilé ti pé. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

ERUKU ÀTI IHÒ

Ohun méjì tí kì í dún gbàmù ló kù, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ibi wọn díẹ̀díẹ̀.

Èkíní ni eruku. Èyí tí ẹ̀ ń rí tó bà lórí ata kọ́ ló burú jù. Èyí tó kúnná débi pé ojú kò rí i ni. Òkúta gíráńáìtì ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní silica. Bí wọ́n bá fọ́ ọ tó di lẹ́búlẹ́bú, èèyàn á fà á símú, ó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, kì í sì í jáde mọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀dọ̀fóró á le, mímí á di iṣẹ́. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Ó tún máa ń jẹ́ kí ikọ́ ife tètè ran èèyàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí òkúta ló ń jẹ ẹ́ jù, títí kan àwọn obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò tó. Omi ni kí wọ́n máa fi rin òkúta kí wọ́n tó fọ́ ọ àti nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ ọ. Omi ló ń pa eruku.

Èkejì ni ihò. Bí òkúta bá tán tàbí tí owó bá tán, wọ́n á kó ẹ̀rọ wọn lọ. Òjò á rọ̀, ihò á kún. Ọmọdé á rí omi, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Etí rẹ̀ ga bí ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, kò sí ibi tí ọmọ lè fi ọwọ́ dì mú. Ẹ̀fọn náà ń pamọ síbẹ̀. Kí àdúgbò béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé: ta ni yóò dí ihò yìí, ta ni yóò ṣe ọgbà yí i ká, níbo ni owó rẹ̀ wà?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí n kó o jọ fún yín ní ṣókí, kí ẹ lè kà á fún ẹni tí kò sí nílé.

1. Bí ẹ bá gbọ́ pé àlejò ń wá òkúta ní àdúgbò yín, ẹ béèrè ìwé mẹ́ta: ìwé ìyọ̀ǹda láti Abuja, ìwé àyẹ̀wò àyíká, àti ìwé àdéhùn pẹ̀lú àdúgbò. Ẹ béèrè ẹ̀dà, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi hàn yín.

2. Kí obìnrin wà níbi ìpàdé. Kì í ṣe láti wá gbé omi fún àlejò o, láti jókòó ni. Ẹ lọ bá ọba tàbí baálẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ pé: "Kábíyèsí, ilé wa ni, omi wa ni, ọjà wa ni. Ẹ jẹ́ kí ìyálọ́jà àti ìyálóde wà níbẹ̀." Mi ò tíì rí ọba tí yóò lé ìyá rẹ̀ síta.

3. Kí àdéhùn sọ ọjọ́ àti aago tí wọn yóò máa yin ẹ̀tù, fèrè tí wọn yóò máa fọn, omi tí wọn yóò máa bu sọ́nà, ibi tí típà yóò máa gbà. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ilé tó wà nítòsí, nínú àti lóde, kí wọ́n tó yin ẹ̀tù àkọ́kọ́. Kí wọ́n yẹ omi kànga wò pẹ̀lú. Fọ́tò yẹn ni yóò dáhùn ìbéèrè kẹrin tí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi.

4. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀. Ọjọ́, aago, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó rí i. Àwa tí à ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀, a kò ṣe kọ gbèsè ògiri?

5. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú lábúlé, ẹ kọ̀wé, ẹ má kàn lọ pariwo. Ẹ kọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ sí ìgbìmọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká tí òfin ní kó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní MIREMCO. Aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú àti ilẹ̀ tó bàjẹ́ sì wà lára iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká, tó ní ìlànà tirẹ̀ lórí fífọ́ òkúta àti yíyin ẹ̀tù láti ọdún 2013. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ bá kọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á.

6. Ẹ má dá lọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ pẹ̀lú ẹnu lásán, wọ́n rán an padà sílé. Nígbà tí obìnrin mẹ́rìnlá lọ pẹ̀lú ìwé, wọ́n gbé àga fún wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé olówó ló ni àwọn ibi ìfọ́kúta yìí, pé òfin kì í mú olówó. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi pé ẹni tí kò bẹ̀rù ariwo lè bẹ̀rù ìwé tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀ lórí. Ìwé kì í gbàgbé.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé èlùbọ́ wá bí ó ti ń ṣe. Ó ti ń sá a sínú ilé báyìí, lábẹ́ ọ̀rá, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, èyí tó ń rí tà sì ti dín kù. Mo béèrè pé kí ló fẹ́ kí n kọ fún yín. Ó ní, "Àbúrò mi, sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dúró de ìgbà tí ògiri bá là."

Mo ti sọ fún yín o. Ẹni tó bá ní irú ọ̀rọ̀ yìí ní abúlé rẹ̀, kó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. A ó jọ kà á, a ó jọ kọ lẹ́tà rẹ̀.